Ẹyẹ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A: kí ló gbé agbe àti àlùkò dé inú àdúrà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ọmọ mi kọ orúkọ ẹyẹ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A wá sílé ìwé. Àdàbà, àṣá, adìẹ àti àdán la rí kọ, ló bá tán. Ìyá mi ní ṣé a ò mọ agbe àti àlùkò ni, àwọn tí òun máa ń dárúkọ bí òun bá ń wúre fún wa láàárọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí àdúrà yẹn, àmọ́ n kò mọ irú ẹyẹ tí wọ́n jẹ́, n kò sì mọ ohun tó pa ẹyẹ àti ire pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ àdán kúrò níbẹ̀. Ó ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó léyín lẹ́nu, kì í yé ẹyin, ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́, òun ni wọ́n ṣe ní àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Àwọn tí ẹ lè kọ dípò rẹ̀ pọ̀: agbe, àlùkò, àparò, àwòdì, àkùkọ, àkókó, àkàlà, àwòko, àtíòro, agùfọn, awó tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ẹtù, àti ayékòótọ́. Mẹ́wàá ti kọjá. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ẹyẹ tó fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé igbe wọn la fi ń pe púpọ̀ nínú wọn: kannakánná, kowéè, tólótòló.

Ó wá ku agbe àti àlùkò. Bí wọ́n ṣe máa ń wí i nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan lè fi gbólóhùn kan kún un kí òmíràn yọ ọ́:

Agbe ló laró, kì í ráhùn aró.
Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn.
Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun.

Lẹ́yìn èyí ni ẹni tó ń wúre á wá sọ pé kí ẹ má ráhùn owó, kí ẹ má ráhùn ọmọ, kí ẹ má ráhùn ohun tí ẹ ó jẹ àti ohun tí ẹ ó mu.

Kí adùn rẹ̀ tó lè yé ọmọ òde òní, ó yẹ kó mọ ohun tí aró, osùn àti ẹfun ń náni láyé àtijọ́. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Wọ́n á gún un, wọ́n á sù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó mú aṣọ. Bí omi eérú yẹn kò bá kan dáadáa, ìkòkò aró bà jẹ́, iṣẹ́ aláró sì wọmi nìyẹn. Ẹ bi àwọn ìyá aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Osùn ní tirẹ̀ ti inú igi wá. Wọ́n á lọ igi pupa náà lórí ọlọ títí yóò fi kúnná, òun ni wọ́n fi ń kun ara ìyàwó, ìyá ọlọ́mọ tuntun àti ọmọ ọwọ́. Àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ tiwa sílẹ̀ fún igi yẹn nínú ìwé wọn, Pterocarpus osun ni wọ́n ń pè é. Ẹfun, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, àwọn olórìṣà funfun kò sì lè ṣe láìsí i. Ohun tí èèyàn ń ṣe làálàá kó tó ní, tàbí tó ń fowó rà, ara ẹyẹ ni àwọn mẹ́ta yìí ti ń hù. Agbe kì í lọ sọ́dọ̀ aláró. Ohun tí ìyá yín ń tọrọ fún yín nìyẹn: kí ire jẹ́ àbímọ́, kó má jẹ́ àyálò.

Agbe tí à ń wí yìí ẹyẹ ńlá ni, gígùn rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù tó bí i sẹ̀ǹtímítà 75. Àwọ̀ aró tó ṣí díẹ̀ ni ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀, ó ní ṣùkù ìyẹ́ dúdú lórí, ẹnu rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì pupa lórí ṣóńṣó. Inú igbó kìjikìji ló ń gbé, èso àti ewé ló ń jẹ, kì í fẹ́ fò lọ títí. Ẹ̀ka dé ẹ̀ka ló máa ń sáré tọ̀. Corythaeola cristata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Àlùkò, Musophaga violacea, jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó kéré sí i, etídò àti igbó tí kò dí púpọ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Ẹbí ẹyẹ yìí lápapọ̀ kò sí níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ Áfíríkà, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ń túmọ̀ èdè wa fi ń fi orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ tiwọn rọ́pò wọn nígbà mìíràn. Ẹ má gba àwọn ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn.

Bẹ́ẹ̀ ẹ ti mọ àwọ̀ àlùkò kí ẹ tó mọ ẹyẹ. Ẹ rántí aṣọ tí àwọn ọmọ ogun wọ̀ fún Jésù nínú Ìhìnrere Máàkù orí 15: aṣọ elésè àlùkò ni Bíbélì Yorùbá pè é. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ àwọn ọba Róòmù, ara ẹyẹ yìí ni wọ́n ti rí i.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé bí ara àlùkò bá jẹ́ elésè àlùkò, níbo ni osùn ti wá. Abẹ́ apá ni. Bó bá jókòó, ẹ ó rò pé dúdú tó ń dán ni ọ̀pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Ìgbà tó bá na ìyẹ́ fò ni pupa osùn náà yọ. Pupa yìí sì ní ìtàn tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 1869, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Herbert Church, tẹ ìwádìí jáde nípa rẹ̀, ó fi hàn pé bàbà wà nínú àwọ̀ náà, bàbà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ yẹn gan-an. Turacin ni wọ́n ń pè é, inú ẹbí agbe àti àlùkò nìkan ni wọ́n sì ti rí i. Bí ẹ bá ki ìyẹ́ pupa yẹn bọ omi tó ní ọṣẹ tàbí eérú nínú, àwọ̀ yóò jáde, omi yóò sì pọ́n. Ti agbe kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aró ara ẹyẹ kì í ṣe ohun tí a lè fọ̀ jáde, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọ lára ìyẹ́ ló ń mú un wá. Bí ẹ bá lọ ìyẹ́ agbe kúnná, ẹ ò ní rí aró níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, a jẹ́ pé àlùkò ló lówó lọ́wọ́, agbe kàn wọṣọ olówó ni. Ẹ má sọ fún ìyá yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ nìkan kọ́ ló mú wọn dé inú àdúrà. Ohùn orúkọ wọn náà wà níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ irú eléyìí rí: “Agbe, gbé ire kò mí. Àlùkò, kó ire kò mí.” Ẹ fetí sí i bí gbé ṣe jáde láti inú agbe, àti bí kó àti kò ṣe dáhùn àlùkò. Báyìí ni ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: a ó pe nǹkan lórúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá orúkọ náà dún pọ̀ yóò di iṣẹ́ tí a rán an. N kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ ẹyẹ náà ti ṣẹ̀ o. Akéwì ló rí ohun tó wà létí tó sì lò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú èyí tó gùn ju ìyẹn lọ, níbi tí wọ́n ti ní agbe ló ń gbé ire k'Olókun, àlùkò ló ń gbé ire k'Ọlọ́sà, odídẹrẹ́ ló ń gbé ire k'Olúwòó. Olúwòó ni ọba Ìwó, ìlú tí orúkọ rẹ̀ àti odídẹrẹ́ kì í yara. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹni ńlá tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún: ti òkun, ti ọ̀sà, ti ilẹ̀.

Torí pé ó ti inú ọfọ̀ wá, àwọn kan ń sá fún un. Èmi ò rí ìdí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá Ìjọ, wọ́n á fi “lórúkọ Jésù” dé e lórí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àlááfáà náà níbi ìsọmọlórúkọ. Ewì ló jẹ́ fún wọn, ire ló sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ẹyẹ A tó kù, òwe ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹni tó bá ti rí agbo àparò nínú oko iṣu rí kò nílò àlàyé: ẹsẹ̀ wọn kúrú, àwọ̀ wọn bákan náà, èyí tó sì dúró lórí ebè á máa wò bí ọba títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Abẹ́òkúta ni Ìbarà yẹn wà. Ẹni tó ti ń gbèrò nǹkan tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn wá tì í síbẹ̀, òun la ń pa á fún. Àṣá àti àwòdì, ọ̀pọ̀ èèyàn ò yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, nítorí adìẹ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ìrù ni kí ẹ wò: èyí tí ìrù rẹ̀ là díẹ̀ sí méjì, tó ń rá bàbà lókè ọjà, àwòdì nìyẹn. Bí ọmọ bá ń gbọ́ orin Aṣa, ẹ sọ fún un pé àṣá ni obìnrin náà fi sọ ara rẹ̀.

Àdàbà kò náání à-ń-kùngbẹ́: iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹyẹlé, ìbátan rẹ̀ tó ń bá èèyàn gbélé, kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti bá onílé jẹ, ó ti bá onílé mu. Ti àkàlà ló wúwo jù: bí a ò rígún a ò gbọdọ̀ ṣebọ, bí a ò rákàlà a ò gbọdọ̀ ṣorò. Àkókó sì ni ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní òun lè gbẹ́ pósí. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ni eéwo sọ ọ́ lẹ́nu. Kí ọmọ fi àmì ohùn sí eléyìí o, kí olùkọ́ má bàa kà á sí akòko tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè. Àwòko ni à ń pe ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn. Agùfọn lọ́rùn gígùn, àtíòro lẹ́nu gígùn, ìyẹn tó fún àwọn méjèèjì.

Ayékòótọ́, odídẹrẹ́ kan náà ni. Ohun tó bá gbọ́ nínú ilé ló ń sọ síta, àwọn onílé á sì bínú, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tó jẹ́ gbólóhùn odindi. Bísí Ọnàbánjọ, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983, orúkọ yìí ló fi ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn kó tó dórí àlééfà. Ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀ ni ìkóóde, òun náà ló dé Brazil pẹ̀lú àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú: ekodidé ni wọ́n ń pè é nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ilẹ̀ Brazil, iwájú orí ìyàwó òrìṣà tuntun ni wọ́n ń so ó mọ́. Ẹyẹ náà ti wá ń dín kù nínú igbó, torí igbó tí wọ́n ń gé àti àwọn tó ń mú un tà sí òkè òkun. Nígbà tó di 2016, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ní Johannesburg gbé e sí ìpele ààbò tó ga jù, ó sì ti di èèwọ̀ láti 2017 kí ẹnikẹ́ni mú odídẹrẹ́ inú igbó tà kọjá ẹnubodè.