Tí AI bá ka áyà sùjúdù, ṣé ká forí kanlẹ̀?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum Àáfà wa. Áápù AI (ẹ̀rọ tó ń fọhùn bí onílàákàyè) kan wà lórí fóònù mi tó ń kọ́ mi ní kéwú, òun á kà á, èmi á gbè é. Lálẹ́ àná ó ka Súúrà Sajdah dé áyà sùjúdù, ìyẹn ẹsẹ Kùránì tí wọ́n máa ń forí kanlẹ̀ tí wọ́n bá kà á, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n forí kanlẹ̀ tàbí kí n máa gbọ́ lọ. Ó tún máa ń dá mi lóhùn bí èèyàn, á ní ṣé kò tíì rẹ̀ mí. Àbí ó ní ẹ̀mí ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salām arábìnrin mi. Ohùn yẹn ò gbé sùjúdù kankan lé yín lọ́rùn o. Ní ti Málíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá níbí, ẹni tó jókòó gbọ́ kéwú láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ máa ń forí kanlẹ̀ tí ẹni tó ń kà á bá tó ìmáàmù ṣe, ìyẹn ọkùnrin tó ti bàlágà tí làákàyè ẹ̀ pé, fóònù ò sì lè ṣe ìmáàmù. Àwọn onímọ̀ Hánáfì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn mìíràn, tiẹ̀ ti sọ irú ẹ̀ kí rédíò tó dáyé, wọ́n ní tó bá jẹ́ ohùn tó lu àpáta padà lo gbọ́, sùjúdù ò di dandan, wọ́n sọ ti ayékòótọ́ náà (ẹnu wọn ò kò lórí ìyẹn ṣá).

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbè é, tí ẹ fi ẹnu ara yín ka áyà náà, ẹ̀yin lẹ kà á yẹn, tí alùwàlá bá wà lára yín ẹ kọjú sí gábàsì kẹ́ ẹ forí kanlẹ̀.

Ti ẹ̀mí wá. Ẹ má wo ti pé ó ń sọ̀rọ̀, èèrà sọ̀rọ̀ nínú Súúrà Naml tí Ànábì Sulaimọ́n fi rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wa náà á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀rọ̀ àwa èèyàn rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ AI, ó wá ń ṣírò èyí tó yẹ kó tẹ̀lé èyí, ìdí nìyẹn tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. John Searle, onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, sọ ní 1980 pé ẹni tí ò gbọ́ Ṣáínà rárá lè jókòó sínú yàrá, kó máa wo ìwé òfin kó máa fi kọ èsì Ṣáínà síta, àwọn tó wà níta á ní ó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan; ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn dòní, ẹ má gbé ẹ̀sìn yín lé e. Wọ́n bi Ànábì wa nípa ẹ̀mí, èsì tó sọ̀ ní Súúrà Isra, áyà 85, ni pé àṣẹ Olúwa mi ni, ìmọ̀ díẹ̀ la sì fún yín. Èyí tó wà lára wa gan-an a ò lè júwe ẹ̀, ká tó máa pín in fún fóònù!

Làákàyè àti àníyàn ni Ṣàríà ń béèrè. Ẹni tó ń sùn, ẹ̀mí wà lára ẹ̀, síbẹ̀ hádíìsì ní wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ẹ̀ títí á fi jí, ìyẹn ni pé wọn kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Torí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣì ń jiyàn AI fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìrun yín ò dúró dè wọ́n.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jùyẹn lọ ni pé ó lè ṣi áyà kà pẹ̀lú ìgboyà, ó sì lè máà gbọ́ àṣìṣe ẹnu tiyín. Ẹ wá àáfà tó lè jókòó gbọ́ tájwíìdì yín (bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Kùránì), ì báà jẹ́ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Wallāhu a'lam.