Àṣẹ́kù òwú ti kún àpò, kí ni kí n fi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwú hun nǹkan, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà ọmọ, gbogbo ẹ̀, àmọ́ àṣẹ́kù òwú ti fẹ́ lé mi kúrò nílé báyìí. Òmíì ò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, òmíì tó ìdajì bọ́ọ̀lù, èyí tó pọ̀ jù ò ní lébẹ́ẹ̀lì lára mọ́. Búláńkẹ́ẹ̀tì ló wù mí, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ rí wúruwùru. Kí ni kí n ṣe?
Èmi Ọlọ́wú

ÌDÁHÙN: Ọlọ́wú àbúrò mi, má dà á nù o jàre. Àmọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ná. Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ máa tò ó, pupa síbí búlúù sọ́hùn-ún, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ó dùn-ún wò, ohun tí wọ́n fi ṣe òwú yẹn àti bó ṣe nípọn tó ni kóo fi pín in. Tóo bá da wúùlù (òwú irun àgùntàn) pọ̀ mọ́ àkírílíìkì (òwú oníke), ọjọ́ tó bá bọ́ sínú omi gbígbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, wúùlù á súnkì, àkírílíìkì á dúró gbọin, ibi kan á fà, ibi kan á wú.

Èyí tí ò ní lébẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Gé díẹ̀, fi ẹ̀mú mú un lókè bàsíà omi, ṣáná sí i. Wúùlù á rùn bí irun tó jóná, iná ẹ̀ á tètè kú, eérú ẹ̀ á sì rún. Kọ́tìnnì á jó bíi pépà. Àkírílíìkì yíyọ́ ló máa yọ́, á wá dì sí kóró líle (má fọwọ́ kàn án kó tó tutù), ìdí nìyẹn tí o ò fi gbọ́dọ̀ fi hun ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná láéláé.

Wàyí o, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kóo hun sukúẹ́à láti igun. Fi ojú 3 (ìyẹn ìkọ́ òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́) bẹ̀rẹ̀, híhun lásán ni gbogbo ìlà, kóo máa fi ojú 1 kún un níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbé bọ́ọ̀lù yẹn sórí síkéèlì kóo tó bẹ̀rẹ̀, ká ní 24 gíráàmù ni, tó bá ti ku bíi 13, yí i padà, máa dín ojú 1 kù níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan títí á fi ku 3. Òwú ò ní tán mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tó kéré jù ni kóo kọ́kọ́ hun o, kóo ka ojú tó wà níbi tó fẹ̀ jù, iye yẹn náà ni gbogbo àwọn yòókù máa dé kóo tó yí wọn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sukúẹ́à kan á tóbi ju ìkejì lọ, rírán wọn pọ̀ á wá dìjà. Èyí tó bá tín-ínrín jù, mú méjì pọ̀ kóo hun wọ́n bíi ẹyọ kan.

Ní ti wúruwùru, mú àwọ̀ kan tóo ní púpọ̀, fi yí etí gbogbo sukúẹ́à ká, ó tán. Má lọ ra òwú tuntun tìtorí ẹ̀! Bí àpò ṣe ń kún nìyẹn. Kóo sì kọ́kọ́ rẹ àwọn pupa àti dúdú sómi pẹ̀lú àkísà funfun, kóo rí i bóyá wọ́n ń ṣí.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé mo lè so òwú kúkúrú pọ̀ láìta kókó?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ wúùlù gidi, bẹ́ẹ̀ ni. Tú etí méjèèjì kó rí fùkẹ̀fùkẹ̀, gbé wọn lé ara wọn, tutọ́ sí i (omi náà ṣe é o, tó bá ń rí ẹ lára), kóo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kíkankíkan títí á fi gbóná tó sì lẹ̀ pọ̀. Àkírílíìkì àti kọ́tìnnì ò ní gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni wúùlù tí wọ́n ti ṣe kó má súnkì. Ìyẹn, fi abẹ́rẹ́ ki etí ẹ̀ bọnú iṣẹ́ bóo ṣe ń hun ún lọ, má dúró dìgbà tóo bá parí.