Miłosz: w ni ẹ ó pè níbẹ̀, kì í ṣe l

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ máa ka ewì Czesław Miłosz, akéwì ọmọ Pólàńdì, lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú kíláàsì yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sì ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, àti bóyá dandan ni kí ẹ fi ilà yẹn dábùú l tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Mí-wọ̀ṣ ni. Ẹ gbé ohùn sókè lórí "Mí", ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ lórí "wọ̀ṣ", kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹ má fi "ì" tì í lẹ́yìn bí a ṣe máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àlejò. "Míwọ̀ṣì" kọ́ o.

Ìtìjú ni mo fi kọ́ èyí. Ilé ìkàwé kan ní England ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Pólàńdì pè wá lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń wá ìwé ewì Míwọ̀ṣ. Mo tẹ M, I, W sínú kọ̀ǹpútà, kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá tún un pè fún mi, mo sì sọ fún wọn pé a kò ní ìwé òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ mẹ́ta wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi! Ọwọ́ mi ni mo fi ń tò wọ́n láti oṣù mélòó kan, "Máílósì" ni mo sì ń pè é lọ́kàn mi. Ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 1980. Nígbà tí bàbá wá fúnra wọn, tí wọ́n nawọ́ sí ìwé náà, n kò lè wo ojú wọn. Orúkọ tèmi ní ṣ nínú, ó ní ọ nínú, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára mi tí wọ́n bá sọ wọ́n di s àti o.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé gbogbo ìró tó wà nínú orúkọ yẹn ló wà lẹ́nu Yorùbá. Sz ti àwọn ará Pólàńdì sún mọ́ ṣ tiwa, ó kàn wúwo díẹ̀ ni. O tiwọn ni ọ tiwa, e tiwọn ni ẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fa o yẹn gùn títí á fi di "où", àwa kò ní wàhálà yẹn rárá. Orúkọ àkọ́kọ́ ló le díẹ̀: cz dà bí ch inú "church", w tó gbẹ̀yìn sì di f. Chẹ́s-wàf. Ẹ kíyè sí i pé s lásán ni s ibẹ̀, torí kò sí z lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ "Mílọ̀ṣ" lẹ́nu àwọn kan, àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, l tó nípọn ni ł, ó sì pẹ́ lẹ́nu àwọn ará ìlà oòrùn, níhà Lithuania tí wọ́n ti bí Miłosz lọ́dún 1911. Ìdí nìyẹn tí l fi wà lábẹ́ ilà náà. Ṣùgbọ́n w ni wọ́n ń pè é ní Pólàńdì lónìí. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ Miloš ti àwọn ará Czech, bíi ti olóògbé Miloš Forman tó máa ń ṣe fíìmù nígbà ayé rẹ̀. L ni tiyẹn.

Ní ti kíkọ, ẹ fi ilà náà sí i. Ẹ tẹ l mọ́lẹ̀ lórí fóònù, ł á yọ. Mo tún ṣe àṣìṣe míì níbi kíkọ yìí. Mo ń ṣe àkọlé fún àfihàn ìwé, mo rí "Czesława Miłosza" lára ìwé kan tí wọ́n fi èdè Pólàńdì tẹ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lára ògiri. Èdè wọn máa ń yí ìdí orúkọ padà, "ti Miłosz" ni ohun tí mo rí yẹn ń sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi a yẹn sílẹ̀. Miłosz's ni ẹ ó kọ, ẹ ó sì pè é ní Mí-wọ̀-ṣiz. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, Miłosz nìkan ti tó.

Kì í ṣe gbogbo Milosz ló ń gba ilà o. Oscar Milosz, ìbátan rẹ̀ tó jìnnà, èdè Faransé ló fi kọ ewì, l lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ orúkọ rẹ̀. Mo ti fi ilà sí tiẹ̀ rí, wọ́n ní kí n lọ yọ ọ́.

Tí ẹ bá ń wá ìwé rẹ̀, ẹ tẹ Milosz, kí ẹ tún tẹ Miłosz. Kọ̀ǹpútà lè tú ṣ sí s àti àmì ìdí rẹ̀, àmọ́ ł kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Odidi lẹ́tà kan ni, ó ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn l nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ̀rọ míì wà tí kì í rí ọ̀kan tí ẹ bá tẹ èkejì.

Tí olùkọ́ yín bá pè é ní Mílọ̀ṣ, ẹ má bá wọn jiyàn níwájú èèyàn, ẹ ṣáà ka tiyín bó ṣe yẹ. Èmi máa ń fi pẹ́ńsù kọ "wọ̀ṣ" sórí orúkọ náà kí n tó dìde kà á.