Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé lóòótọ́ ni ẹni tó ra domain (orúkọ ìkànnì lórí ayélujára) ní ọjọ́ márùn-ún ọ̀fẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ kan lórí WhatsApp ń gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní òfin ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé, fún olúkúlùkù ní ọjọ́ márùn-ún láti lo .com lọ́fẹ̀ẹ́, pé a lè forúkọ ọgọ́rùn-ún domain sílẹ̀, kí a gbé ìpolówó sí wọn, kí a sì dá èyí tí kò bá pa owó padà. Ó ní òfin tí wọ́n fi fẹ́ dá àṣà yìí dúró kò ṣiṣẹ́, nítorí ọjọ́ márùn-ún náà ṣì wà. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, ibi kan náà ni àṣìṣe inú rẹ̀ sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún yẹn kì í ṣe ẹ̀tọ́ oníbàárà. Àdéhùn ni láàárín registry, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo orúkọ irú kan, bí Verisign ti ń ṣe fún .com, àti registrar tí ẹ̀yin àti èmi ń ra orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí registrar bá pa orúkọ tuntun rẹ́ kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, registry yóò dá owó rẹ̀ padà fún un, nítorí ènìyàn lè ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹlòmíràn sì lè fi káàdì tí ó jí rajà. Bóyá registrar yóò dá owó padà fún ẹ̀yin, inú àdéhùn tí ẹ bá a ṣe ni ẹ ó ti rí i.

Ó ní ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Kí ó tó di àárín ọdún 2008, àwọn registrar kan ń forúkọ àìmọye domain sílẹ̀, wọ́n ń ka iye owó tí ìpolówó ń mú wá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pa èyí tí kò lérè rẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní domain tasting.

ICANN kò fagi lé ọjọ́ márùn-ún náà. Ìdápadà owó tí kò lópin ni ó fòpin sí. Ní ọdún 2008, ó kọ́kọ́ ní kí registrar máa san sẹ́ǹtì 20 lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá pa rẹ́ kọjá ìwọ̀n. Láti 1 April 2009, lábẹ́ AGP Limits Policy (AGP, Add Grace Period, ni orúkọ ọjọ́ márùn-ún náà), owó registry fúnra rẹ̀ kò padà mọ́ lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n náà jẹ́ ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ tuntun tó kù lóṣù lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn tí a pa rẹ́ kúrò, tàbí orúkọ 50, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ ṣírò rẹ̀: registrar tó forúkọ mílíọ̀nù kan sílẹ̀, tó sì pa 990,000 rẹ́, ní 10,000 lọ́wọ́, nítorí náà owó orúkọ 1,000 péré ni yóò padà. Yóò san owó orúkọ 989,000 tó kù, ó sì ju dọ́là 6 lọ lórí .com kan nígbà náà. Bí ó bá ṣe ń pa á rẹ́ sí i ni ààyè rẹ̀ ń dín kù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlànà yìí ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè bóyá ọjọ́ márùn-ún ṣì wà. Iye orúkọ tí wọ́n ń pa rẹ́ ni kí ó wò. Ní June 2008, ó ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ní April 2009, kò ju nǹkan bíi 58,000 lọ, ìyẹn ni pé ó fi ìpín 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Mi ò ní sọ pé ìlànà náà nìkan ló ṣe é, nítorí Google náà ti kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 pé òun kò ní jẹ́ kí ìpolówó òun máa pawó lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, owó ìpolówó sì ni wọ́n torí rẹ̀ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bójú tó .org ti gbé irú ìgbésẹ̀ yìí ní ọdún 2007, sẹ́ǹtì 5 péré ni wọ́n sì bù lé ìparẹ́ àṣejù, síbẹ̀ ìparẹ́ já wálẹ̀ kíákíá.

Ìlànà ICANN yìí kò de .ng tàbí orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn yẹn ní òfin tiwọn. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ ka àdéhùn registrar yín fúnra yín. Bí ẹ bá ṣi orúkọ tẹ̀ nígbà tí ẹ ń rà á, ẹ kàn sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti ọgọ́rùn-ún orúkọ tí olùkọ́ yín ní kí ẹ rà, káàdì yín ni wọn yóò ti yọ owó rẹ̀, kì í ṣe káàdì tirẹ̀.