Ọkọ̀ Ojú Omi Aládàáni Láti Victoria Island sí Ilashe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kó ìdílé yín lọ ṣe ìgbafẹ́ láìkánjú ní Ilashe, ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, àti bóyá kí ẹ gba ojú òkun kí àwọn ọmọ lè rí ìgbì. Ẹ lọ, nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè wo Èkó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ̀sà ni kí ẹ gbà. Ẹ má ṣe kọjá àwọn ògiri òkúta tí ó wà ní ẹnu òkun lẹ́bàá Tarkwa Bay. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ṣàn padà sínú òkun, tí ìgbì sì ń bọ̀ láti ìta, àwọn méjèèjì a máa forí gbárí níbẹ̀, ìgbì a sì ga lójijì ju ohun tí ọkọ̀ kékeré lè fara dà. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí Ilashe, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá ilẹ̀ tóóró náà. Òkun wà ní òdìkejì.

Ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó ni ó ti dà wá láàmú jù. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ojú omi Àgbádárìgì, láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin. Omi dídùn inú àwọn odò ni ó ń gbé e wá nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a wọ inú ọ̀sà, a sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta. Kì í ṣe pé ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ nìkan ni, ó tún ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi láti tu ara rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa tú jáde lára rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa wò ó. Nígbà kan tí omi yìí dá, atukọ̀ wa fẹ́ máa sáré lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi mú un pa ẹ́ńjìnnì, kí a tó gbé e sókè, kí a sì yọ gbòǹgbò àti ọ̀rá kúrò ní ẹnu ihò náà.

Ẹ dẹ eré lẹ́bàá àwọn apẹja, nítorí ìgbì tí ọkọ̀ yín ń dá lè da ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn dé. Ní ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí Apapa, ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ gbà, ẹ má ṣe gba iwájú. Kí gbogbo ènìyàn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, títí kan àwọn tí ó mọ òmi wẹ̀, kí ti ọmọdé sì bá a mu. Ìdá kan nínú mẹ́ta epo yín ni kí ẹ fi lọ, ìdá kan ni kí ẹ fi bọ̀, kí ìyókù wà fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń le lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ kúrò nílé ní kùtùkùtù, kí ẹ sì ti máa padà ní aago mẹ́ta ọ̀sán.