Ta ni kí n gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ Micron?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣíà díẹ̀ nínú Micron, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ṣíìpù ìrántí fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ọ̀gá àgbà wọn ní àwọn oníbàárà ń du ọjà àwọn. Àwọn kan ní ọ̀gá náà mọṣẹ́, àwọn mìíràn ní ẹnu lásán ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Sanjay Mehrotra, ọ̀gá àgbà náà, mọṣẹ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ó wà lára àwọn tó dá SanDisk, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì ìrántí, sílẹ̀, ó sì ti ń darí Micron láti 2017. Àmọ́ òun kọ́ ló ń dá iye owó DRAM, irú ṣíìpù ìrántí tí Micron ń tà jù, lé. Samsung àti SK Hynix, àwọn ilé-iṣẹ́ Kòríà, náà ń ṣe é. Bó bá ti pọ̀ jù lọ́jà, gbogbo wọn ni iye owó á já mọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ṣíìpù di ọ̀wọ́n gógó ní 2021, ọ̀pọ̀ oníbàárà ra ju èyí tí wọ́n nílò lọ, wọ́n kó o pamọ́. Ó dà bí olóúnjẹ tó béèrè ọjà kan náà lọ́wọ́ aláta mẹ́ta: aláta kọ̀ọ̀kan á rò pé òun ti rí oníbàárà gidi. Nígbà tí wọ́n wá dáwọ́ ríra dúró, owó tó wọlé fún Micron já láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 30.8 dọ́là ní ọdún ìṣúná 2022 sí 15.5 ní 2023, wọ́n sì pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 5.8. Ọ̀gá yìí kan náà ló wà lórí àga.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjà tó wà nílẹ̀ láìtà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìròyìn olóṣù mẹ́ta wọn, kí n tó ka ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Bí ìyẹn bá ń ga nígbà tó ń sọ pé ọjà ń yá, ẹ fura. Ti HBM, ṣíìpù ìrántí tí ẹ̀rọ AI ń lò, sàn díẹ̀, torí wọ́n ti máa ń fẹnu kò lórí iye àti owó ṣáájú. Síbẹ̀, àwọn tó ń rà á kò pọ̀. Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù AI, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ṣíà tó dà bíi pé owó rẹ̀ kò wọ́n, bí a bá fi wé èrè ilé-iṣẹ́, tàn yín: ìgbà tí èrè bá ga jù lọ ni ṣíà ṣíìpù ìrántí máa ń jọ èyí tí kò wọ́n jù.

Àwọn tó ń náwó gan-an láti ra ọjà Nvidia ni Microsoft, Amazon, Google àti Meta. Ẹ máa wo iye tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ná sórí ibùdó kọ̀ǹpútà wọn. Ìparí oṣù kìn-ín-ní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá ni wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀.