Ẹ Bi Wá: Owó ilé, kọ́ṣọ̀n àti rìsíìtì ní Èkó

Oṣooṣù ni mo ń san owó yàrá kan tí mo ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù ní láti ìsinsìnyí lọ, owó ọdún kan ni kí n máa kó wá lẹ́ẹ̀kan, kí n sì fi ₦50,000 kọ́ṣọ̀n (owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, tí wọ́n máa ń dá padà) lé e. Ṣé òfin gbà á láyè? (Ayálégbé, Ìkòròdú)

Ti owó ọdún kan yẹn, rárá o. Abala 4 nínú Òfin Ilé Yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní ẹni tó ti ń gbé ilé tẹ́lẹ̀, tó ń san oṣooṣù, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ọdún kan ni òpin tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àmọ́ kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù nìkan ni òfin yìí mú. Ayálégbé tó bá kó owó ọdún méjì sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbé ilé fún ẹlòmíì ti rúfin pẹ̀lú. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án.

Ọ̀rọ̀ kọ́ṣọ̀n yàtọ̀. Òfin náà kò dárúkọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni. Bí kò bá sí nínú àdéhùn tí ẹ fi wọlé, ẹ lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nótíìsì oṣù kan pé kó kó jáde ló tó fún ẹni tó ń san oṣooṣù, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, nítorí náà ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́. Bí ẹ bá máa san án, abala 10 ní kí wọ́n já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún un, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà.

Ibi rìsíìtì yìí gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n á kọ "Owó ilé àti àwọn nǹkan mìíràn, ₦230,000", wọ́n á buwọ́ lù ú, ó tán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, kọ́ṣọ̀n ti di owó ilé. Rìsíìtì owó ilé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbowó, orúkọ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àsìkò tí owó náà wà fún. Lánlọ́ọ̀dù tí kò bá já a lè san ìtanràn ₦10,000. Lórí ti kọ́ṣọ̀n, ẹ ní kí wọ́n kọ "kọ́ṣọ̀n, tí a ó dá padà". Bó bá jẹ́ báńkì lẹ fi ń ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún síbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ilé kan. Nígbà tí mo kó jáde, wọ́n ní ọ̀dà ara ògiri ti ṣá, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé kọ́ṣọ̀n mi. (Agége)

Ọ̀dà tó ṣá láàárín ọdún mẹ́rin, ìlò ló ṣá a, ẹnikẹ́ni kò bà á jẹ́. Gíláàsì lúfà tó fọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó, ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá, ìyẹn ni kọ́ṣọ̀n wà fún. Ẹ kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù pé kó kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tó fi tún un ṣe, àti rìsíìtì ẹni tó tún un ṣe. Bó bá dákẹ́, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń bá àwọn èèyàn parí aáwọ̀. Wọn kì í gbowó, wọ́n á sì pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Ẹ mú àdéhùn, rìsíìtì àti fọ́tò lọ.

Fọ́tò yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní. Ní ilé tí ẹ bá tún fẹ́ wọ̀, kí ẹ tó kó ẹrù sí i, ẹ ya ògiri kọ̀ọ̀kan, lúfà, ẹ̀rọ omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti mítà iná. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀jẹ́ńtì lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀.

BQ (ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ńlá) ni mo háyà ní Ìkòyí. Ṣé òfin yìí dé ọ̀dọ̀ mi?

Kò dé ibẹ̀. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àdéhùn yín ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì rí i pé kọ́ṣọ̀n àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú.